Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, wọ́n ní kí n tún lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù tí mo fowó mi rà

Ọmọ Ìbarà: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ eléyìí, iná ti lọ láti àárọ̀ níbí, fóònù mi sì ti fẹ́ kú, ẹ má wo àṣìkọ. Èmi àti àbúrò mi tó wà ní Texas la jọ dáwó ra bàálù kékeré kan, RV-6, bàbá àgbà kan ló fọwọ́ ara ẹ̀ tò ó nínú gáréèjì ilé ẹ̀. Èmi ni mo mú èyí tó pọ̀ sílẹ̀ o, ilẹ̀ mi ní Ọbáńtòkò ni mo tà. Mo ní láísẹ́ǹsì Amẹ́ríkà láti wa bàálù, ọ̀hún ni mo ti gbà á kí n tó padà wálé, Cessna 172 ni mo fi kọ́ ọ. Mo wá fẹ́ lọ lo ìsinmi kí n gbádùn nǹkan mi, àwọn ínṣọ́ránsì ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i àfi tí mo bá kọ́kọ́ jókòó ti tíṣà tó mọ RV dáadáa. Dọ́là ni tíṣà yẹn ń gbà, wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ò fọwọ́ kan bàálù rí. Ìyàwó mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ Corolla wà, ṣé ó tún máa lọ kọ́ Camry ni? Báwo ni mo ṣe fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀: Àbúrò, ìgbà wo lo wa bàálù gbẹ̀yìn? Ṣé RV-6 ni àbí RV-6A? 6A ní táyà níwájú bíi ti Cessna, RV-6 lásán, abẹ́ ìrù ni táyà kékeré ẹ̀ wà. O ò kọ ìyẹn sí i.

Ìyá Ìbejì: Ẹ tà á o. Bàbá ìbejì náà ra ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì nígbà tó fẹ̀yìntì, ó ní òun á máa fi ṣeré lórí odò Ògùn. Ẹ̀yìnkùlé ló wà dòní, adìẹ ló ń yé sínú ẹ̀.

Sọ́jà Àgbà: Ẹ má fojú kékeré wo RV o. Bàálù Air Beetle tí AIEP, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù, ṣe ní Kaduna fáwọn ọmọ ogun òfuurufú wa, inú RV-6A ni wọ́n ti yọ ọ́. Mo fojú mi rí i. Bàálù gidi ni, kì í dààmú ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Zaria: Bàbá, kò sẹ́ni tó sọ pé bàálù náà ò dáa. Àwọn tẹ́ ẹ rí ní Kaduna yẹn, ṣé wọ́n kàn jù wọ́n sínú ẹ̀ láìsí tíṣà ni?

Sọ́jà Àgbà: Ìwọ ọmọ yìí, má bá mi fa ọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìbarà: Ẹ ṣé o. Láísẹ́ǹsì Amẹ́ríkà kì í kú, ẹ lọ wádìí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó tíṣà yìí ni mo bá wá.

Ọmọ Zaria: Kì í kú lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù 24, tíṣà gbọ́dọ̀ ti yẹ̀ yín wò lókè kó sì fọwọ́ sí ìwé yín. Tẹ́ ẹ bá máa gbé èèyàn, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbéra kẹ́ ẹ sì balẹ̀ nígbà 3 láàárín ọjọ́ 90. Tó bá wá jẹ́ onítáyà ìrù, ó ní ìbuwọ́lù tiẹ̀ lọ́tọ̀, tí ẹni tó kọ́ lórí 172 nìkan ò ní. Ẹ gbọ́, 172 máa ń forí jì yín. RV ò rí bẹ́ẹ̀, ìka méjì ti tó láti darí ẹ̀, ẹni tí ọwọ́ Cessna bá ṣì wà lára ẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ jù. Apá ẹ̀ kúrú, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó rọra jù nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ balẹ̀, wẹ́rẹ́ ló máa rì. Tí táyà kékeré bá wá wà lábẹ́ ìrù, ẹ̀yìn táyà ńlá méjèèjì ni ìwúwo wà, tí ìrù bá ti yẹ̀ díẹ̀, ó fẹ́ gba iwájú ni, ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lórí rudder, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń yí ìrù ẹ̀, títí tó fi máa dúró pátápátá. Àwọn NTSB tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí ẹ̀ jáde ní 2012: nínú àwọn ìjàǹbá bàálù àfọwọ́ṣe tí wọ́n yẹ̀ wò ní 2011, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ àrà-lọ́wọ́-ẹlòmíì, ọ̀pọ̀ ló sì ṣẹlẹ̀ kò pẹ́ tí ẹni tuntun rà á. Tí tíṣà náà bá máa fi RV tiẹ̀ kọ́ yín, ẹ bi í bóyá ó ní LODA, ìwé àṣẹ tí FAA, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ń fún ẹni tó fẹ́ fi irú bàálù bẹ́ẹ̀ kọ́ èèyàn gbowó. Ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa bi í, kì í ṣe ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo ní ẹ tà á.

Ọmọ Ìbarà: Ẹ kàn ń dẹ́rù bà mí ni. Ó dáa, táyà ìrù ni. Àbúrò mi tí ò lọ sọ́dọ̀ tíṣà kankan ṣáà ti gbé e jáde, ó kàn yí bírí lórí runway nígbà tó ń balẹ̀ ni, propeller, abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ̀ yẹn, ha ilẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan ti bá a fi fáìlì rá a, ó ti ń dán. Ẹ́ńjìnnì Lycoming tó wà nínú ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. A ò kúkú sọ fún ínṣọ́ránsì, nǹkan kékeré ni.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀: Há! Propeller kan ilẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, o sì ń bi wá léèrè owó tíṣà?

Sọ́jà Àgbà: Nígbà tiwa, tó bá tẹ̀, a máa ń tẹ̀ ẹ́ padà ni.

Ọmọ Zaria: Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́ ọ ní ìyẹn. Lycoming tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà fúnra wọn ló sọ pé tí propeller bá ti lu nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì wò. Crankshaft, irin inú ẹ́ńjìnnì tó ń yí propeller, lè ti sán nínú, ojú lásán ò ní rí i, á máa ṣiṣẹ́ dáadáa títí ọjọ́ tó máa já lókè. Ẹ sọ fún ínṣọ́ránsì náà, torí tí wọ́n bá fúnra wọn rí i lẹ́yìn ìjàǹbá, wọ́n lè má san kọ́bọ̀.

Ọmọ Ìbarà: Tí wọ́n bá tú u, ta ló máa sanwó? Ṣé èmi tí mo mú èyí tó pọ̀ sílẹ̀ àbí ẹni tó yí i bírí?

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó yí i bírí ni. Kó san án, kẹ́ ẹ wá tà á.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀: Ẹ fi owó sílẹ̀ ná. Ṣé àbúrò ẹ ṣì ń gbé e jáde?

Ọmọ Ìbarà: Ó ní òun máa gbé ìyàwó òun lọ jẹun ní ìlú kejì ní Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀: Pè é báyìí.

Ọmọ Ìbarà: Ó ti wọṣẹ́, kì í gbé fóònù níbi iṣẹ́. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí i, màá tún pe ìyàwó ẹ̀.