Disney, èèyàn mẹ́fà, Màmá wà níbẹ̀: hòtẹ́ẹ̀lì àbí ilé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá Ọmọ Mẹ́ta, Atlanta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ san owó tí màá kábàámọ̀. A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Disney World ní Florida nínú oṣù kẹfà. Láti ìgbà tí àkọ́bí wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi la ti ń ṣèlérí fún un, ó ti di ọmọ ọdún 11 báyìí, tó bá ti ní "Mummy, ọdún yìí ńkọ́?" ṣe ni bàbá ẹ̀ máa ń dọ́gbọ́n wọ gáréèjì lọ.

Àwa mẹ́fà ni: èmi, bàbá wọn, ọmọ ọdún 11, ọmọ ọdún 7, kékeré tó máa pé ọdún mẹ́ta nínú oṣù kẹjọ, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn. Màmá ti lé ní 70, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ má sì wulẹ̀ dárúkọ burger létí wọn. Mọ́tò wa la máa gbé láti Atlanta níbí, alẹ́ mẹ́rin la máa sùn, ọjọ́ mẹ́ta la máa wọ Disney.

Ohun tí mo rí nìyí. Mo kọ́kọ́ wo All-Star Music, ọ̀kan nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Disney fúnra wọn tówó ẹ̀ ò ga jù. Èrò mi ni pé a máa há ara wa mọ́ yàrá kan, àfi bí wọ́n ṣe ní èèyàn mẹ́rin péré ni yàrá kan ń gbà, pẹ̀lú ìkókó tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó di yàrá méjì nìyẹn, 178 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kan, owó orí ò tíì wọ̀ ọ́ o. Wọ́n ní suite tó ń gba èèyàn mẹ́fà, mo wo iye ẹ̀, mo da fóònù dojú bolẹ̀. Èkejì, hòtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní 192 ní Kissimmee, 114 dọ́là yàrá kan, oúnjẹ àárọ̀ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n yàrá méjì náà ni, 20 dọ́là nínú 114 yẹn sì ni wọ́n pè ní resort fee, owó ìgbádùn hòtẹ́ẹ̀lì. Resort wo? Mo wo fọ́tò ẹ̀, omi ìlúwẹ̀ẹ́ kan àti àga mẹ́rin ni. Ẹ̀kẹta, ilé oníyàrá mẹ́ta ní Davenport, 880 fún alẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ní kò burú, mo wá ṣí i wò, 190 nínú ẹ̀ owó ìfọlé ni! Tí owó orí bá wọ̀ ọ́ ó di 985.

Ọkọ mi ní hòtẹ́ẹ̀lì 192. Èmi ń wo ilé. Àwọn ọmọ ní All-Star torí wọ́n rí omi ìlúwẹ̀ẹ́ tó dà bíi jìtá. A ò tíì bi Màmá.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ìmúra o. Ti Disney fúnra wọn lèmi máa sọ torí ibẹ̀ la sùn lọ́dún tó kọjá, Pop Century. Ẹni tó bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn, ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n fi máa ń wọlé ṣáájú àwọn tó kù, lójoojúmọ́, nínú ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kéré létí o, àmọ́ a ti gun nǹkan méjì kí èrò tó ya dé. Tó bá wá di aago kan ọ̀sán tí oòrùn Florida ń fi orí èèyàn dín àkàrà, ẹ kàn máa padà sí yàrá ni, kí kékeré sùn, kí àwọn tó kù lúwẹ̀ẹ́, tó bá dìrọ̀lẹ́ ẹ tún gbéra. Níbi Pop Century a máa ń wọ Skyliner, ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń gbé èèyàn lọ Epcot àti Hollywood Studios, méjì nínú ọgbà wọn, àwọn ìbejì mi fẹ́ràn ẹ̀ ju inú ọgbà gan-an lọ. Ṣùgbọ́n tí mànàmáná bá ti ń kọ, wọ́n á dá a dúró, oṣù kẹfà lẹ sì fẹ́ lọ yẹn, òjò ọ̀sán kì í wọ́n níbẹ̀.

Ohun tẹ́nì kan ò sọ fún mi ni pé kò sí microwave nínú yàrá. Fíríìjì kékeré ló wà. Mo ti gbé jollof àtadìyẹ dínńdín wá láti Houston nínú kúlà, ó wà nínú fíríìjì ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Aago mẹ́wàá alẹ́, èmi pẹ̀lú bónẹ́ẹ̀tì lórí, mo gbé abọ́ ìrẹsì dání, mo tò sẹ́yìn òyìnbó kan tó fẹ́ mú mílíìkì ọmọ gbóná níbi ìtajẹ wọn nísàlẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta léra wọn o.

Bàbá Ìṣirò, Maryland

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Disney: yàrá méjì, alẹ́ mẹ́rin, 1,424, tí owó orí bá wọ̀ ọ́, ó lé díẹ̀ ní 1,600. Hòtẹ́ẹ̀lì 192: 912, owó orí 13.5% torí Osceola nìyẹn, ó di 1,035. Ilé, 985. A ò tíì parí o. Ẹni tó bá sùn níta máa san owó pákíǹgì tó bá dé Disney, kò dín ní 30 dọ́là lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta, 90. Ẹni tó sùn sọ́dọ̀ Disney ò ní san ìyẹn, láti 2023 ni wọ́n sì ti yọ owó pákíǹgì alẹ́ kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Ó wá kù sí 1,600 àti díẹ̀, 1,125, àti 1,075.

Ṣé ẹ rí i pé 50 dọ́là péré ló wà láàárín hòtẹ́ẹ̀lì 192 àti ilé, ọkọ yín ò jẹ̀bi rárá, oúnjẹ àárọ̀ ọ̀fẹ́ fẹ́nu mẹ́fà máa gbé 50 yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí wàhálà wà ni ọ̀sán àti alẹ́. Èèyàn mẹ́fà tó bá jẹun lẹ́ẹ̀kan péré nínú Disney, kódà níbi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ lórí ìdúró, ó máa sún mọ́ 100 dọ́là. Ìkòkò ọbẹ̀ kan nínú kíṣìnì tó dáa lè gba ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ìyẹn lọ́wọ́ yín. Nítorí náà ẹ má fi owó yàrá nìkan wé ara wọn.

Ẹ gbọ́, ọmọ ọdún 11 yín yẹn àgbàlagbà ni lọ́dọ̀ Disney o, láti ọdún 10 ni wọ́n ti ń gba owó àgbà. Kékeré máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ torí kò tíì pé mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí ìrìn yìí sún dé oṣù kẹjọ.

Ọ̀rẹ́ Universal, Tampa

Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ Universal, àwọn tó ń bá Disney díje ní Orlando? Hòtẹ́ẹ̀lì wọn tó ń jẹ́ Surfside ní suite oníyàrá méjì tó ń gba èèyàn mẹ́fà, microwave wà níbẹ̀, owó ẹ̀ ò tó ti Disney. Epic Universe, ọgbà wọn tí wọ́n ṣí lóṣù karùn-ún 2025, nìkan tó ọmọ ọdún 11 yẹn. Ẹ kàn rántí pé wọ́n ń gba owó pákíǹgì ní hòtẹ́ẹ̀lì tiwọn.

Màmá Ọmọ Mẹ́ta, Atlanta

@Ọ̀rẹ́ Universal ẹ ṣé o, àmọ́ Disney la ti ṣèlérí, tí mo bá yí i padà báyìí ilé ò ní ṣe é gbé. Bàbá Ìṣirò, mo ti fi iṣẹ́ yín han ọkọ mi, ibi tẹ́ ẹ ti ní kò jẹ̀bi ló kà, ó dá ìyókù padà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, London

Àwa tá à ń bọ̀ láti London, ọ̀sẹ̀ méjì la máa ń lò, ilé la máa ń gbà. Owó ìfọlé yẹn, ẹ sùn alẹ́ kan o, ẹ sùn mẹ́wàá o, iye kan náà ni, ìdí nìyẹn tó fi ń dun ẹni tó fẹ́ sùn alẹ́ mẹ́rin. Síbẹ̀ tìtorí Màmá, ilé ni mo fara mọ́. Àgbà tí ò rí nǹkan gbígbóná jẹ láàárọ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa gbọ́ ọ.

Ẹ ṣáà bi wọ́n ní ìbéèrè kan kẹ́ ẹ tó sanwó: ibo làwọn yàrá wà? Púpọ̀ nínú ilé Davenport yẹn, òkè ni yàrá gbogbo wà, pálọ̀ àti kíṣìnì ló wà nísàlẹ̀. Èmi ò bèèrè. Màmá mi wo àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní "ó ti tó," orí àga pálọ̀ ni wọ́n sùn sí ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, pẹ̀lú èmi tí mo sanwó yàrá mẹ́rin.

Ẹ tún béèrè irú sítóòfù tó wà níbẹ̀. Onígíláàsì pẹrẹsẹ ni tiwa. Ẹ gbé ìkòkò àmàlà lé e, ẹ ti ọmọrogùn bọ̀ ọ́, ẹ ro ó lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìkòkò á yí lọ. Ṣe lọkọ mi fi aṣọ ìnura di etí ìkòkò mú látọ̀tún, èmi ń rò látòsì, àwọn ọmọ ń fi fóònù ká wa. Ọjọ́ kejì tí mo dín ata, agogo èéfín dún, gbogbo àdúgbò gbọ́. Nígbà tá a padà dé ilé, onílé ránṣẹ́ pé òun máa yọ owó "òórùn líle" kúrò nínú owó tí a fi sílẹ̀. Irú ni, ìwọ̀nba ṣíbí méjì! A jà títí wọ́n fi dá ìdajì ẹ̀ padà. Nítorí náà ẹ din ata yín látilé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dì, kẹ́ ẹ gbé e wá nínú kúlà. Ẹ ṣáà ń wakọ̀ bọ̀.

Màmá Ọmọ Mẹ́ta, Atlanta

Àǹtí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lọ wo fọ́tò ilé yẹn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lókè! Ilé ìwẹ̀ gan-an òkè ló wà! Ọlọ́run ló ní kí n béèrè.

Ọmọ Ìbàdàn, Kissimmee

Èmi tí mò ń gbé ìtòsí ibẹ̀ rèé. Ohun kan wà táwọn tó ń bọ̀ láti òkèèrè kì í mọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò lọ sí Magic Kingdom, ọ̀kan nínú ọgbà Disney, ẹ ò ní gúnlẹ̀ sẹ́nu géètì o. Ibùdó kan lẹ máa páàkì sí, ẹ tún máa wọ ọkọ̀ ojú irin tàbí ọkọ̀ ojú omi kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹni tó sùn sí All-Star, bọ́ọ̀sì á já a sẹ́nu géètì. Orúnkún Màmá á mọ ìyàtọ̀ yẹn. Animal Kingdom ò rí bẹ́ẹ̀, iwájú géètì gan-an lẹ máa páàkì sí.

192 yẹn náà, ọ̀nà gígùn ni. Hòtẹ́ẹ̀lì tó mọ́ wà níbẹ̀, mótẹ̀ẹ̀lì tí àwọn ìdílé tí ò rílé gbà ń gbé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà wà níbẹ̀, fọ́tò ò sì ní sọ èwo ni èwo. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó sùn níbẹ̀ kọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má ka ti 2019. Davenport ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀nà márosẹ̀ I-4 nírọ̀lẹ́, àdúrà ni. Ẹ wálé sí ìwọ̀ oòrùn Kissimmee, ó sún mọ́ Disney jù.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ìbéèrè tèmi: ṣé dandan ni kí Màmá wọlé lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan lójúmọ́ ju 100 dọ́là lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sinmi nílé lọ́jọ́ méjì, owó yẹn á tó ra yàrá ìsàlẹ̀.

Bàbá Ìṣirò, Maryland

Ká fi ìyá arúgbó sílẹ̀ nínú ilé àjòjì ní Florida, ká lọ gun ẹṣin onírin? Èmi ò sí níbẹ̀ o.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, London

Bàbá Ìṣirò, ta ló ní kí wọ́n dá nìkan wà? Ẹnì kan lè dúró tì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi Màmá fúnra wọn ná.

Màmá Ọmọ Mẹ́ta, Atlanta

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti bi Màmá. Mo jókòó tì wọ́n, mo fi fídíò Mickey hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé eku nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n ní, "Eku tí mò ń dẹ pańpẹ́ fún nílé mi ní Bẹẹrẹ, òun lẹ fẹ́ wakọ̀ wákàtí méje lọ sanwó wò?" Ọkọ mi ti kúrò nínú pálọ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ láti kíṣìnì.

Mo wá fi Animal Kingdom hàn wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń wo erin, kìnnìún àti àgùnfọn. Màmá tẹ́ ojú mọ́ fóònù. Wọ́n ní erin kì í ṣe ẹgbẹ́ eku, àwọn máa lọ kí erin. Ọjọ́ kan nìyẹn. Ọjọ́ kejì ọkọ mi ti yọ̀ǹda ara ẹ̀ pé òun máa dúró tì wọ́n, ó ní tìtorí ìyá òun ni, mo sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ló fẹ́ wò. Ọjọ́ kẹta, èmi máa dúró tì wọ́n, òun á kó àwọn ọmọ lọ, kò tíì mọ̀.

Ilé náà ti yí padà: oníyàrá mẹ́ta, ìwọ̀ oòrùn Kissimmee, yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ nísàlẹ̀, mo bi onílé kí n tó ṣe ohunkóhun, ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. 1,060, owó orí wà nínú ẹ̀. Wọ́n á dá owó padà tá a bá yẹ̀ ẹ́ kó tó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Sítóòfù ẹ̀, onígíláàsì ni, a máa fi aṣọ ìnura di ìkòkò mú. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n gbé oúnjẹ wọ inú Disney?

Ọmọ Ìbàdàn, Kissimmee

Wọ́n gbà á. Ìgò ni wọn ò fẹ́, àti ọtí, àti yìnyín wẹ́wẹ́ nínú kúlà. Ẹ jẹ́ kí omi oníke dì nínú fíríìsà lálẹ́, kẹ́ ẹ fi wọ́n há oúnjẹ láàárín, tó bá yọ́ lọ́sàn-án ẹ mu ún. Kúlà tó tóbi jù náà ò ní wọlé.

Màmá Ọmọ Mẹ́ta, Atlanta

Mọ́ínmọ́ín ewé ńkọ́? Màmá ní àwọn ò jẹ ti inú agolo.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ gbé e lọ. Ẹ ṣáà mú báàgì tẹ́ ẹ máa kó ewé ẹ̀ sí dání.