Owó ọbẹ̀ kì í dé ìparí oṣù mọ́, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi gàrí nìkan dàgbà

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo gbé wá. Àwa mẹ́fà la wà nílé: èmi, ọkọ mi, ìyá ọkọ mi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, àkọ́bí mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, àti àwọn ìbejì tí wọ́n ń lọ sí ọdún 4. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọkọ mi ń ṣe, èmi ń ránṣọ. ₦120,000 la máa ń yọ sọ́tọ̀ fún oúnjẹ lóṣù. Tó bá fi máa di ogúnjọ́, ó ti tán. Àtìgbà yẹn lọ, gàrí láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́, àbí ìrẹsì tí ọbẹ̀ kàn fojú bà.

Ojoojúmọ́ ni mò ń yà sí ọjà àdúgbò bí mo bá ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ata, tòmátò, òróró inú ọ̀rá, ẹ̀wà tàbí ìrẹsì ife mélòó kan, ẹran ₦2,000 tí alápatà máa gé bí ẹni gé orógbó. Bí mo bá ṣírò gbogbo ẹ̀, ₦6,000 ti lọ lọ́jọ́ kan. Fírísà wà nílé, àmọ́ iná ò ṣeé gbọ́kàn lé. Lóṣù tó kọjá mo gbójú gbóyà, mo ra ìdajì páálí ẹja. Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Òórùn ẹja yẹn ló sọ fún àdúgbò pé mo ra ẹja.

Àbúrò mi ní kí n jáwọ́ nínú ẹran, kí n máa ra pọ̀nmọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe tí owó yìí á fi dé ọgbọ̀njọ́, tí àwọn ọmọ á sì máa jẹ ohun tó ń ṣe ara wọn lóore?

Ìyá Ẹlẹ́wà, Bódìjà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Èmi tí mò ń ta ẹ̀wà ni mo ń sọ fún yín: inú ọ̀rá àti inú ife lowó yín ń bá lọ. Ẹni tó ń ra ẹ̀wà ní ife-ife lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń san owó mọ́tò, owó alábàárù, owó ọ̀rá àti èrè èèyàn mẹ́ta. Ẹ wá ará ilé mẹ́ta tí ẹ mọwọ́ wọn, ẹ dá owó, ẹ ra àpò kan, ẹ wọ̀n ọ́n lójú ara yín. Bó bá sì jẹ́ díẹ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé kóńgò tiyín dání. Kóńgò kan wà tí wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú. Àwa ọlọ́jà mọ ara wa.

Ẹ má bẹ̀rù kòkòrò. Ẹ sá ẹ̀wà yẹn kó gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí á fi kún dé ọrùn, ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bá yín da oògùn apakòkòrò sí i o! NAFDAC ti pariwo ẹ̀ títí, ẹ̀mí ló ń gbà. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀wà sí imú lọ́jà tó ń rùn bí oògùn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ní ti tòmátò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tòkè Ọya máa ń ya wọ̀lú. Nígbà yẹn, ẹ ra á, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é kí omi ara ẹ̀ gbẹ. Tí òjò bá dé tó bá gbówó lórí, ta ló ní dandan ni? Ìbàdàn lẹ wà kẹ̀! Ẹ se gbẹ̀gìrì. Ẹ̀wà bíbó, ata díẹ̀, irú, epo, kí ewédú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọbẹ̀ tí kò mọ tòmátò rí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ jẹ́ kí n mú ti pọ̀nmọ́. Ó dùn, èmi gan-an ń jẹ ẹ́, àmọ́ awọ ni. Èròjà tó ń mú ọmọ dàgbà tó wà nínú ẹ̀ kò pé bíi ti ẹyin, ẹja tàbí ẹran. Ẹ fi dára sí ọbẹ̀, ẹ má fi rọ́pò. ₦2,000 ẹran yẹn, ẹ yí i padà. Lọ́jọ́ kan ẹyin, lọ́jọ́ kejì ṣáwà, lọ́jọ́ kẹta ẹ̀wà nìkan. Ṣáwà táwọn èèyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yẹn, ọ̀rá tó dáa fún ọkàn àti ọpọlọ wà nínú ẹ̀ dáadáa. Ẹ yan án gbẹ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà á. Ẹja gbígbẹ ò bẹ̀rù iná tó lọ.

Ògì lásán kò tó fún àwọn ìbejì. Ẹ yan sóyà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kẹ́ ẹ máa bu díẹ̀ sí i. Tútù ẹ̀ ò dáa fún inú ọmọ, ẹ rí i pé ó jinná. Ẹ̀pà náà dáa, àmọ́ ẹ jókòó ṣà á: èyí tó bu tàbí tó hunjọ, ẹ dà á nù, torí oró tó wà nínú ẹ̀pà tó bu kì í tán tí a bá sè é tàbí tí a bá yan án. Tí wọ́n bá jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tán, ẹ bó ọsàn fún wọn. Ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀.

Màmá wa tí ẹ̀jẹ̀ ń ru: magí àti iyọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín. Irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí àti edé á gbé ọbẹ̀ náà ró.

Káfíńtà Mọ́kọ́lá

Ẹ má bínú sí mi o. Ẹ ń sọ pé ra àpò, ra kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó ń gbowó lójoojúmọ́, níbo ló ti máa rówó àpò? ₦70,000 ni wọ́n fi owó oṣù tó kéré jù sí ní 2024, ẹ wo ohun tí àpò ẹ̀wà kan máa bù lára ẹ̀. Ohun tí àwa ń ṣe rèé: àwa mẹ́fà ń dá àjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá kàn ò ní gbowó, oúnjẹ ló máa gbà. Ẹ̀wà, gàrí, epo, ìrẹsì. Torí tí wọ́n bá gbé owó lé mi lọ́wọ́, ẹ̀yin ẹ mọ ibi tó ń lọ.

Ìyá Ẹlẹ́wà, Bódìjà

Káfíńtà, a mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ pé sá.

Ìyàwó Tíṣà

Ẹ ò mẹ́nu kan gáàsì. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ dé ìkòkò. Ìyàtọ̀ wà.

Alàgbà, Ọ̀jọ́ọ̀

Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé yín? Bí kò bá sí, wá àpò ìrẹsì òfìfo mẹ́rin, rọ iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà kún un. Gbúre kò le: ọ̀pá rẹ̀ tó o bá rà lọ́jà, já ewé ẹ̀ sè, ki ọ̀pá bọlẹ̀, á hù. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tí wàá fi máa já a. Ewédú ló ń dàmú èèyàn, torí èèpo èso ẹ̀ le. Di èso náà sínú aṣọ, tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, yọ ọ́, sá a nínú ilé kó tó di pé o gbìn ín. Èmi ò ra ẹ̀fọ́ mọ́ látọdún mélòó kan. Ewúrẹ́ nìkan ni kó o ṣọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Mo ní kí n wá jábọ̀. Èmi àti ará ilé mẹ́ta ra ẹ̀wà. Ìjà díẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀kún ọwọ́ tó ṣẹ́kù nídìí àpò, ìyá ọkọ mi ló parí ẹ̀: ó ní ká sè é jẹ lójú ẹsẹ̀, la bá fi ṣe àkàrà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ se gbẹ̀gìrì láìsí ẹran, ọkọ mi ń wo inú abọ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ìyá ẹ̀ ní, "Kí ni mo fi tọ́ ẹ dàgbà?" Ó jẹ ẹ́.

Ogúnjọ́ oṣù dé, ₦31,000 ṣì wà nínú àpamọ́wọ́ mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ti sóyà ò rọrùn. Kẹ́hìndé tu ògì yẹn sí mi lára. Ìgbà tí mo fi ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn ni wọ́n tó gbà. Pọ̀nmọ́ ṣì ń wọ ọbẹ̀ wa lọ́jọ́ Sunday, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Alàgbà, ewúrẹ́ jẹ àpò gbúre kan. Mo ti gbé mẹ́ta tó kù sórí òrùlé ibi tí a ń gbé omi sí.

Ohun kan ló kù: ògì tí mo pò mọ́ sóyà sílẹ̀ bàjẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Àbí mo ṣì í ṣe ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ má pò ó sílẹ̀ pọ̀ mọ́. Ògì lọ́tọ̀, kí omi bò ó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́. Ìyẹ̀fun sóyà lọ́tọ̀ nínú ike gbígbẹ. Orí iná ni kí wọ́n ti pàdé.