Òkè tó wà lórí ìlú àtijọ́: ọwọ́ wo ni kí a kọ́kọ́ gbà, wákàtí mélòó la sì máa lò?

Ẹsẹ̀Yá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ètò kan wò. Ọ̀nà àyípo ni, kìlómítà 14, gíga tí a máa gùn lápapọ̀ sì jẹ́ mítà 650. Ẹnubodè ìlú àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ òkè la ti máa gbéra. Igbó ni ìhà àríwá, òkè ibẹ̀ sì dúró gan-an: kìlómítà 3 péré ló fi gbé èèyàn dé orí. Téèyàn bá dókè tán, pápá koríko gbalasa ló kàn fún kìlómítà 4, màlúù sì máa ń jẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà máa gba ìhà gúúsù rọra sọ̀ fún kìlómítà 7, igbó díẹ̀, pápá díẹ̀, títí tó fi padà wọ ìlú. Àgbà mẹ́ta àti ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ni wá, ìgbà ooru la sì fẹ́ lọ. Ṣé kí a kọ́kọ́ gba igbó ni àbí pápá? Wákàtí mélòó ni kí n kà sí i? Kí ló tún máa ń ba irú ìrìn báyìí jẹ́ tí máàpù kì í sọ?

Onímáàpù:
Ẹ jẹ́ n dáhùn ti wákàtí, torí ìṣirò ni. Ìlànà Naismith, tí wọ́n fi ń ṣírò àkókò ìrìn orí òkè, la ṣì ń lò, láti ọdún 1892 ló sì ti wà: wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú 1 kún un fún mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn. Kìlómítà 14 á gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 48, mítà 650 á gba ìṣẹ́jú 65. Àpapọ̀ rẹ̀, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 53. Ṣùgbọ́n ẹni tára rẹ̀ le tí kì í dúró ni Naismith ń bá wí. Kò ka ìsinmi, kò ka fọ́tò, kò sì ka ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wo kòkòrò. Fún ẹ̀yin mẹ́rin, ẹ fi ìlàjì rẹ̀ kún un, ẹ pè é ní wákàtí 6.

Gíga ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìṣirò yìí ṣe. Wọ́n á mú gíga orí òkè, wọ́n á yọ gíga ìlú kúrò nínú rẹ̀, ó parí lójú wọn. Bí ọ̀nà bá sọ̀ sí àfonífojì kan kó tó tún gòkè, gígùn ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Ẹ ka gbogbo ìlà gíga (ìlà orí máàpù tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀) tí ọ̀nà ń gùn kọjá, kì í ṣe èyí tó ń sọ̀, ẹ wá fi iye mítà tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì sọ ọ́ di púpọ̀. Lórí máàpù 1:25 000, níbi tí sẹ̀ǹtímítà 4 ti jẹ́ kìlómítà 1, mítà 10 ló sábà máa ń wà láàárín ìlà méjì, ṣùgbọ́n ẹ wo etí máàpù kí ó lè dá yín lójú. Nínú igbó yín, ìlà 5 sí 6 ló yẹ kí ẹ rí nínú sẹ̀ǹtímítà 1. Bí ẹ bá rí 10 níbì kan, ibẹ̀ kò ní ṣe é sọ̀ fọ́mọdé láìdi nǹkan mú.

Igbó_àti_Ọ̀dàn:
Ẹ gba igbó gòkè, ẹ gba gúúsù sọ̀.

Ẹ wo ti orúnkún ná. Gígùn òkè ń mú èémí, sísọ̀ ló ń jẹ orúnkún, ibi tó bá rọra sọ̀ ló sì yẹ kí ẹ fi sí ìparí nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀. Ìkejì, bí òkè yín bá wà ní ìhà àríwá ayé, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá. Ìlú lè ti gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ewé tó bò ọ̀nà ibẹ̀ ṣì tutù. Gbòǹgbò igi tí bàtà àwọn arìnrìn-àjò ti bó èèpo rẹ̀ kúrò ló burú jù: bó bá ti tutù, bí ọṣẹ ló ń yọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹni tó ń gòkè tó tẹ̀ ẹ́ á kàn kúnlẹ̀ ni, ẹni tó ń sọ̀ máa fìdí balẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àrá. Ọ̀sán ni àrá ìgbà ooru sábà máa ń kóra jọ sórí òkè, orí pápá gbalasa sì ni kò yẹ kó bá yín. Ẹ wo aago. Bí ẹ bá gbéra ní aago 7 tí ẹ gba igbó, pẹ̀lú ìlàjì tí Onímáàpù fi kún un, nǹkan bíi 9:30 lẹ máa yọ sí pápá, ẹ ó sì ti ré e kọjá kí aago 11:30 tó lù, ìsinmi wà nínú ẹ̀. Bí ẹ bá gba gúúsù lọ, 10:45 lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bèbè rẹ̀, ọ̀sán á sì ká yín mọ́ àárín rẹ̀.

Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán. Ẹ pín in sí 3, iye kìlómítà tó fi jìnnà sí yín nìyẹn. Bí ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ kà kò bá pé 30, ẹ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo tó dá dúró. Ẹ wọnú igbó tí igi rẹ̀ kò ga jura lọ, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Òṣùmàrè7:
Mi ò ta ko Igbó_àti_Ọ̀dàn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí bí wọ́n ṣe kun àmì ọ̀nà yẹn. Àwọn ọ̀nà àyípo kan wà tó jẹ́ pé ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n kun ọfà sí. Ẹni tó bá gbà á lódì á dé oríta, ẹ̀yìn igi ni àmì á wà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, igbó náà ni kí ẹ ṣì gbà o, kí ẹ kàn máa bojú wẹ̀yìn ní gbogbo oríta.

Ibi méjì lọ̀nà ti sábà máa ń sọnù. Àkọ́kọ́, inú ìlú gan-an. Láàárín ògiri òkúta gíga àti ọ̀nà tóóró, GPS fóònù máa ń fò kiri, torí ara ògiri ni ìgbì rédíò láti sátẹ́láìtì ojú ọ̀run ti ń ta padà. Ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi jáde kúrò lábẹ́ odi. Ara òpó iná àti igun ilé ni wọ́n ń kun àmì sí níbẹ̀, nígbà mìíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ìkejì ni pápá. Ẹsẹ̀ màlúù máa ń la ọ̀nà púpọ̀ tó jọ ọ̀nà èèyàn. Ẹ fi èyí dá a mọ̀: ọ̀nà màlúù kì í fẹ́ gòkè, ẹ̀gbẹ́ òkè ló ń gbà lọ lọ́gbọọgba, ibi omi tàbí ibòji ló sì máa ń parí sí. Ọ̀nà èèyàn ń wá géètì. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní bèbè igbó, ẹ dúró, ẹ wo òdìkejì pápá, ẹ wá òpó tí wọ́n kun tàbí àlàfo tó wà nínú ọgbà. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọjú sí, ohun yòówù kí ilẹ̀ máa sọ fún yín. Bí wọn ò bá tíì gé koríko, ẹ tò tẹ̀lé ara yín, torí oúnjẹ ẹran ẹnìkan lẹ ń tẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣe bá géètì ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Adáríhurun:
Ti màlúù: èyí tó ní ọmọ lẹ́yìn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má gba àárín òun àti ọmọ rẹ̀ kọjá láé, kódà bí ojú ọ̀nà bá gba ibẹ̀. Ẹ yípo. Bí ajá bá wà pẹ̀lú yín, ẹ fi okùn mú un, ṣùgbọ́n bí màlúù bá gbé eré sí yín, ẹ tú u sílẹ̀. Ajá ni màlúù ń lé, ajá á sì yára jù ú lọ.

Ti eégbọn: inú koríko gíga ló ti ń dúró de èèyàn. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀. Ní alẹ́, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, abẹ́, àti ẹ̀yìn etí ọmọ. Bí ó bá ti mú ara, ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ mú un níbi tó sún mọ́ awọ ara jù, ẹ fà á tààrà. Ẹ má lọ́ ọ, ẹ má fi epo tàbí iná kàn án. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tí pípọ́n náà sì ń fẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 30, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹsẹ̀Yá:
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Omi àti fóònù ló kù. Bí ara ọmọ ò bá sì gbé e mọ́, ibo la ti lè yí padà?

Onímáàpù:
Ìdajì lítà omi fún àgbàlagbà kan ní wákàtí kan: lítà 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, 2 fún ọmọ. Ẹ má mu omi odò tó gba ibi tí màlúù ń jẹ̀ kọjá. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, torí orí òkè á fi nǹkan bíi 4°C tutù ju ìlú lọ, ká má tíì sọ ti atẹ́gùn. Ẹ gba máàpù sórí fóònù láti ilé, ẹ fi fóònù sí airplane mode. GPS á ṣì máa ṣiṣẹ́, bátìrì á sì pẹ́. Ẹ mú fèrè láti fi pe ìrànlọ́wọ́: fífun 6 láàárín ìṣẹ́jú 1, ìdákẹ́ fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ á fi 3 dáhùn.

Ibi ìpinnu yín kì í ṣe ìdajì ọ̀nà o. Bèbè pápá ni, ní kìlómítà 3. Níbẹ̀, 3 péré ló wà lẹ́yìn yín, 11 ló kù níwájú. Bí ẹ bá ti rìn kọjá pápá tán, ọ̀nà ẹ̀yìn àti ti iwájú ti gùn bákan náà, ẹ kàn máa lọ ni. Nítorí náà, bí aago bá ti kọjá 10:30 kí ẹ tó dé bèbè yẹn, bí ọmọ bá ti ń wọ́ ẹsẹ̀, tàbí bí ìkùukùu bá ti ń ga sókè bí ilé gogoro, ẹ gba inú igbó padà, pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kúkúrú, kí àgbà kan ṣáájú ọmọ. Ẹ fi wákàtí kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ fún un.