Ọmọ mi pé ọdún kan, oúnjẹ lílọ̀ nìkan ló ń jẹ

Ìyá Àbíkẹ́yìn (Ìbàdàn):
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin ìyá. Àbíkẹ́yìn mi pé ọdún kan lóṣù tó kọjá. Eyín iwájú rẹ̀ ti hù lókè nísàlẹ̀, ó ń di àga mú rìn, síbẹ̀ ògì àti ohun tí mo bá fi bílẹ́ńdà lọ̀ kúnná nìkan ló ń gbé mì. Bí mo bá tẹ iṣu díẹ̀ fún un, á fi ahọ́n tì í jáde tàbí kó ṣe bí ẹni fẹ́ bì, àyà mi á sì já. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa bù fún un nínú ọbẹ̀ ilé, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ bàbá rẹ̀. Àmọ́ ata àti Maggi wà níbẹ̀. Wọ́n tún ní kí n má fún un lẹ́yin, kó má baà di olè. Mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́, ọwọ́ wọn ni ọmọ yóò sì wà. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Màmá o. Ọmọ ọdún kan ti tó oúnjẹ ilé jẹ. Ìgbà tí ẹ máa bù ú nínú ìkòkò ló ṣe pàtàkì. Tí mo bá ń se àsáró tàbí ọbẹ̀, tòmátì, tàtàṣé, àlùbọ́sà, edé lílọ̀ àti epo pupa díẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Mo ń bu ti àwọn ọmọ sọ́tọ̀ kí n tó da ata rodo, iyọ̀ àti Maggi sí tiwa.

Ẹ má ti orí oúnjẹ lílọ̀ bọ́ sórí ègé iṣu lọ́jọ́ kan náà. Ẹ gbé bílẹ́ńdà sílẹ̀, ẹ mú fọ́ọ̀kì. Ẹ se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ dáadáa, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí hóró díẹ̀díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ dín títẹ̀ náà kù. Àmàlà rírọ̀ pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú náà dára, ìyẹn kò le fún ọmọ Ìbàdàn rárá.

Mọ́ínmọ́ín ló ṣe tèmi lóore jù. Mo ń gé e gbọọrọ bí ìka, mo ń kó o síwájú wọn. Táíwò á gbé tiẹ̀ sẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Kẹ́hìndé á kọ́kọ́ fún un mọ́wọ́, á máa wò ó bó ṣe ń jáde láàárín ìka rẹ̀, á fi kan ètè, á jù ú sílẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo ń gbé e wá lọ́jọ́ mìíràn, títí ó fi ń jẹ ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n tí a sè, kúkúndùnkún àti ìbẹ́pẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ ègé kan wò: bó bá fọ́, erìgì ọmọ á lè rún un.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ ṣe bí ẹni fẹ́ bì yàtọ̀ sí kí oúnjẹ há a lọ́fun. Èyí àkọ́kọ́ máa ń ní ariwo: á wúkọ́, omi á bọ́ lójú rẹ̀, á tu ú jáde. Ẹ jókòó tì í, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Tí oúnjẹ bá há a, ohùn rẹ̀ kò ní jáde, kò ní lè sunkún. Ẹ dà á dojú bolẹ̀ sórí itan, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká, kí ẹnìkan sì máa pe ìrànlọ́wọ́. Tí ẹ bá lọ gba abẹ́rẹ́ olóṣù 15, ẹ mú Màmá dání kí wọ́n fi han ẹ̀yin méjèèjì.

Ẹ̀pà odindi, gúgúrú, àgbọn gígé, ẹran líle àti ẹja eléegun bíi ṣàwá kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu. Ẹ bẹ Màmá pé kí wọ́n má ṣe rọ ọ́ lógì. Ọmọ tó ń sunkún tí a ń da ògì sí lẹ́nu lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ti ẹyin, ẹ fún un, kó jinná dáadáa. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé jáde lọ́dún 2023 ni pé kí ọmọ láti oṣù 6 máa jẹ ẹyin, ẹja tàbí ẹran lójoojúmọ́, pẹ̀lú èso àti ẹ̀fọ́. Ògì nìkan kò ní èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára tó. Ẹ̀dọ̀ tí a rún díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́, kí ó mu omi ọsàn tí ẹ fún lé e, á ṣe é lóore. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin ni kó jẹun lóòjọ́, pẹ̀lú ìpanu díẹ̀. Ọmú ṣì ń bá a lọ títí ọdún méjì, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Ọmọge:
Tiwa jókòó síbi tí gbogbo wa ti ń jẹun, ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ wa. Inú abọ́ mi ló ti kọ́kọ́ mú iṣu fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún sún ọmú sẹ́yìn oúnjẹ, kí ebi lè wà nínú rẹ̀.

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Tí mi ò bá sí nílé ńkọ́? Màmá kò ní fẹ́ se ìkòkò méjì.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má fi ìyẹn ni wọ́n lára. Ẹ fi abọ́ kékeré kan tó ní ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, kí wọ́n kàn máa bu tiẹ̀ síbẹ̀ kí iyọ̀ tó wọlé. Láàárọ̀, ẹ fi ẹ̀pà tí ẹ lọ̀ kúnná po ògì kó ki. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà tàbí àmàlà. Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín kalẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́, kí ẹ̀yin fúnra yín fún un nígbà tí ẹ bá dé.