Báwo ni Mauser àkọ́kọ́ ṣe délé yín? Kí oníkálukú sọ tiẹ̀

Ọmọ Ọdẹ Ìsẹ́yìn (Houston):
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ ìbọn àwọn Jámánì ìgbà ogun Hitler ni mo gbé wá, Mauser tí wọ́n ń pè ní K98k, èyí tí wọ́n gbà fáwọn sójà wọn lọ́dún 1935. Tèmi rèé. Bàbá òyìnbó kan ni aládùúgbò mi, ẹni ọdún 91 ni wọ́n lọ́dún 2014, mo máa ń bá wọn gé koríko iwájú ilé. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí wọ gáráàjì, wọ́n tú bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, ni mo bá rí ìbọn. "byf 43" ni wọ́n tẹ̀ sórí irin ẹ̀, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ Mauser ní Oberndorf ló ṣe é lọ́dún 1943. Wọ́n ní lọ́dún 1945 nígbà táwọn Jámánì ń túúbá, ṣe ni wọ́n ń ju ìbọn jọ bí igi ìdáná, àwọn kàn ṣa ọ̀kan nínú òkìtì yẹn ni, ọ̀gá àwọn sì fún àwọn níwèé láti gbé e wálé. Ìwé náà ṣì wà, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn ò bìkítà, kí n máa gbé e lọ. Ọdẹ ni bàbá mi, ara ògiri lókè ibi tí wọ́n ń sùn ni ṣakabùlà wọn máa ń wà. Ọjọ́ tí mo gbé ìbọn yẹn dání, àfi bíi pé ọwọ́ wọn ni mo dì mú. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọ̀pẹ́ Peckham:
Ìwé yẹn! Má lámínéètì ẹ̀ o, má sì fi sẹ́lótéèpù kàn án.

Báyọ̀ Dallas:
Tèmi ò dùn tó bẹ́ẹ̀. 2003 ni mo ra tèmi ní gun show, ìyẹn ọjà tí wọ́n ti ń pàtẹ ìbọn, ọkùnrin tó tà á búra pé ọwọ́ sójà Amẹ́ríkà tó jagun yẹn ló ti wá, pé gbogbo nọ́ńbà ara ẹ̀ ló bára mu, ìyẹn ni pé wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan lára ẹ̀, èmi náà rí i tó ń dán pupa bí epo, mo ní ha, èyí mà dáa o, mo kówó sílẹ̀. Ìgbà tí mo délé tí mo tan iná sí i dáadáa ni mo rí X kékeré lórí irin ẹ̀, tí mo sì rí i pé nọ́ńbà ara bólùtì, irin tí wọ́n ń fà sẹ́yìn láti ki ọta, wọn ò tẹ̀ ẹ́ wọlé rárá, pẹ́ńsùlù oníná ni wọ́n fi kọ ọ́, ó rí bí ibi tí adìẹ ti ha ilẹ̀. Ohun tí X yẹn ń sọ ni pé àwọn ará Rọ́ṣíà ló gbà á lójú ogun. Wọ́n tú àìmọye ẹ̀ palẹ̀, wọ́n da bólùtì tibí mọ́ igi tọ̀hún, wọ́n kun ṣẹ́láàkì, irú fánìṣì pupa kan, sí i, wọ́n kó o pa mọ́. Mi ò tà á o, àmọ́ irọ́ tí ọkùnrin yẹn pa fún mi ṣì ń dùn mí.

Lánre:
Ṣé o yìn ín?

Báyọ̀ Dallas:
Ẹni tó mọ ìbọn ni mo kọ́kọ́ gbé e fún kó wọn ibi tí ọta ń jókòó sí, torí bólùtì tí kì í ṣe tiẹ̀ lè ṣeni léṣe. Ó ní kò séwu. Ọta àtijọ́ ni mo wá fi yìn ín, mi ò mọ̀ pé iyọ̀ ló ń fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá. Ọjọ́ kejì ó ti ń dógùn-ún. Látìgbà yẹn omi gbígbóná ni mo fi ń ṣan án, kí n tó nù ún kí n tó fi òróró sí i.

Ìyá Ìbejì (Atlanta):
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Dádì Ìbejì ló ra bnz 43 kan, ti Steyr ní Austria, igi ẹ̀ dúdú, ojú ibi tí ọwọ́ ti ń mú un lámùtúnmú ṣì wà níbẹ̀, ẹyẹ kéékèèké táwọn Jámánì fi ń jẹ́rìí sí i wà ní ìdí ẹ̀. A rìnrìn àjò lọ sílé, a fi àbúrò ọkọ mi sílé. Ó fẹ́ ṣe wá lóore. Ó fi sáńdípépà ha igi yẹn láti òkè délẹ̀, ó kun fánìṣì sí i. Ìgbà tá a dé, tẹ̀ríntẹ̀rín ló gbé e jáde, ó ń dán bí àga tuntun. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ọ̀pẹ́ Peckham:
Yéè!

Ọmọ Ọdẹ Ìsẹ́yìn:
Ẹyẹ yẹn náà lọ?

Ìyá Ìbejì:
Ó lọ ráúráú. Èyí tó wà lára irin nìkan ló kù.

Báyọ̀ Dallas:
Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, inú mi ń dà rú. Ẹ bá wa kí Dádì Ìbejì, ẹ ní a bá wọn kẹ́dùn.

Lánre:
Ẹ dákun, igi ṣáà ni. Bí mo bá ra mọ́tò àtijọ́, ṣé mi ò ní kùn ún ni?

Ọmọ Ọdẹ Ìsẹ́yìn:
Mọ́tò kọ́ lèyí. Bí ilà ojú ni ẹyẹ yẹn ṣe rí. Ta ló ń ha ilà ojú bàbá ẹ̀ kúrò torí kó lè dán?

Lánre:
Ṣebí àwọn ará Rọ́ṣíà náà kun ti Báyọ̀.

Báyọ̀ Dallas:
Ìyẹn náà ti wọ inú ìtàn ẹ̀, àwọn ṣáà jagun gbà á. Ogun wo ni àbúrò ọkọ jà?

Màmá Kòkó (Chicago):
Ẹ má bínú sí mi o, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ẹyẹ tẹ́ ẹ̀ ń sunkún sí yẹn, àmì Hitler ló gbé mẹ́sẹ̀. Èmi ń bá àwọn Júù ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Kí lọmọ Yorùbá fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe nínú ilé?

Ọ̀pẹ́ Peckham:
Màmá, ẹ ò jẹ̀bi. Tèmi wà lára ògiri, wọ́n ti bà á jẹ́ pátápátá kò lè yìn mọ́, ìwé proof house, ilé tí wọ́n ti ń yẹ ìbọn wò níbí, wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ tí àlejò bá wọlé mo máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé. Bnz tí ọkọ Ìyá Ìbejì rà yẹn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n Gusen, àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Hitler ní Austria, wà lára àwọn tí Steyr ń kó ṣiṣẹ́ fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ebi ń pa wọ́n kú lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ò lè gbé e dání kí n má rántí wọn, ìdí gan-an tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n ha nǹkan kan kúrò nìyẹn. Ẹ̀rí ni.

Báyọ̀ Dallas:
Màmá, àwọn Júù gan-an lò ó o. Nígbà ogun 1948, K98k tí Ísírẹ́lì rà lọ́wọ́ Czechoslovakia ni wọ́n fi jà, ìràwọ̀ Dáfídì wà lára òmíràn nínú ẹ̀ títí dòní. Nígbà tó yá wọ́n yí púpọ̀ nínú ẹ̀ sí ọta 7.62, tó yàtọ̀ sí ọta tiẹ̀ àtijọ́, nítorí náà ẹni tó bá rà á kó wo ara ẹ̀ dáadáa kó tó ki ọta bọ̀ ọ́.

Màmá Kòkó:
Ti Ísírẹ́lì yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Máa béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Síbẹ̀, èmi ò ní gbé e sára ògiri.

Ọ̀pẹ́ Peckham:
Mo gbà fún yín, Màmá.

Akin_Ẹ̀gbá:
Bàbá bàbá mi mú ìbọn Jámánì kan bọ̀ láti Bọ́mà. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bí mi.

Báyọ̀ Dallas:
Àbúrò, Bọ́mà kẹ̀? Japan ni Division 81 àti 82, àwọn sójà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, bá jà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, Arisaka, ìbọn àwọn ará Japan, ló máa jẹ́, òdòdó máa ń wà lórí irin tiẹ̀.

Akin_Ẹ̀gbá:
Màmá mi ló sọ pé ti Jámánì ni, ẹ̀gbọ́n. Wọn kì í parọ́.

Ọmọ Ọdẹ Ìsẹ́yìn:
Báyọ̀ ò pe Màmá lónírọ́. Bọ́ya ogun àkọ́kọ́ ni, ní Kamẹrúùnù, torí ibẹ̀ làwọn sójà wa ti bá Jámánì kojú. Bi wọ́n léèrè ọdún.

Fẹ́mi Àtàkpàmé:
Ẹ káàárọ̀ láti Tógò. Tiwa ò jìnnà. Àwọn Jámánì kọ́ ilé rédíò ńlá sí Kamina lẹ́bàá ìlú wa, àwọn fúnra wọn ló fọ́ ọ ní oṣù kẹjọ 1914 kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Irin ìdí ìbọn kan wà nílé wa, ìyá àgbà fi ń họ ìdí ìkòkò ni. Ìgbà tí mo fọ dúdú ara ẹ̀ kúrò ni mo rí adé kékeré àti lẹ́tà kan tí wọ́n tẹ̀ sí i. Mauser 71, ti àtijọ́ ṣáájú K98k, ni mo rò pé ó jẹ́, ẹtù tó ń rú èéfín nìyẹn ń jẹ.

Ọmọ Ọdẹ Ìsẹ́yìn:
Fẹ́mi, jọ̀ọ́ ya fọ́tò adé yẹn fún wa. Ra nǹkan ìhọkòkò míì fún Ìyá.

Túndé Maryland:
Ẹ gbà mí o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra K98k lọ́wọ́ opó kan tó ń palẹ̀ ẹrù ọkọ ẹ̀ mọ́, "ce 41" ni wọ́n tẹ̀ sórí irin ẹ̀. Mo tú irin tó so ọ̀pá mọ́ igi níwájú, mo rí i pé igi náà ti sán lábẹ́ ẹ̀, ó yí i ká. Mo ti ra gúlùù, irú sáńdípépà wo ni kí n lò?

Ìyá Ìbejì:
TÚNDÉ. GBÉ SÁŃDÍPÉPÀ YẸN SÍLẸ̀.

Báyọ̀ Dallas:
Má fọwọ́ kàn án! Ṣé ó sán ni, àbí ó gún bíi pé wọ́n fi rúlà fà á?

Túndé Maryland:
Ó gún.

Báyọ̀ Dallas:
Ayùn nìyẹn. Àwọn sójà ló ń gé e bẹ́ẹ̀ kó lè wọ inú àpò tí wọ́n ń gbé wálé, ibi tí irin máa bò ni wọ́n sì ń gé e sí. Ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ tó kó o wọ Amẹ́ríkà wà lára ẹ̀? Látìgbà òfin ìbọn 1968, dandan ni fún èyí tí wọ́n bá kó wọlé láti tà, èyí tí sójà fúnra ẹ̀ gbé bọ̀ nígbà ogun kì í ní in.

Túndé Maryland:
Mo ti wò ó tán, kò sí. Kò sí X náà.

Ọmọ Ọdẹ Ìsẹ́yìn:
Tú àwọn ìdè abẹ́ ẹ̀, gbé irin kúrò nínú igi, kó o fi tọ́ọ̀ṣì wo inú kòtò tí ọ̀pá ń sùn sí. Nọ́ńbà máa wà níbẹ̀, tó bá bá ti ara irin mu, igi tiẹ̀ gan-an nìyẹn. Rọra o.

Túndé Maryland:
Ó dáa. Ẹ dúró dè mí.

Lánre:
Èmi tí mo ní igi ṣáà ni, mi ò tíì sùn o.

Túndé Maryland:
Mo ti rí i. 4417 nínú igi, 4417 lórí irin, 4417 lára bólùtì. Èérún igi tín-ín-rín kan ṣì há sójú ibi tí ayùn gbà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti ń ka eléyìí fún Dádì Ìbejì. Wọ́n ní kó o dá gúlùù yẹn padà fún ọlọ́jà lónìí.