Wọ́n yọ eyín mi, ọmọ mi ní kí n ṣe implant: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 54 ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ó di ọ̀sẹ̀ 3 tí wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn kan fún mi nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ahọ́n mi kì í kúrò nínú ihò yẹn. Bí mo bá jẹ ẹ̀pà, ibẹ̀ ló ń lọ jókòó sí. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń jẹran, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń ro mí. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fowó ránṣẹ́ kí n ṣe implant, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń gbé lé irin tí wọ́n yí wọ inú egungun. Àmọ́ mo ní àtọ̀gbẹ, metformin ni mo ń lò. Aládùúgbò mi kan ṣe tiẹ̀, kò pé ọdún kan tó fi mì jáde. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì fẹ́ fi owó ọmọ ṣòfò.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mo ṣe é ní 2021, èmi náà ní àtọ̀gbẹ. HbA1c mi, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn, jẹ́ 9.4 nígbà náà, dókítà sì lé mi padà sílé. Inú bí mi gan-an! Oṣù 5 ni mo fi dín iyán àti ẹlẹ́rìndòdò kù, ó wá di 6.8. Lẹ́yìn tí wọ́n yí irin náà wọ egungun, mo tún dúró oṣù 4 kó lè dì mọ́ ọn dáadáa kí wọ́n tó gbé eyín lé e. Mo ń fi í fọ́ egungun adìẹ báyìí. Àyẹ̀wò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Nọ́ọ̀sì eyín: Màmá, ṣé aládùúgbò yín ń mu sìgá? Sìgá àti ṣúgà tí kò wálẹ̀ wà lára ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Implant kì í kẹ̀ bí eyín. Ẹran ìdí rẹ̀ ló máa ń wú, tí á máa ṣẹ̀jẹ̀, tí egungun tó dì í mú á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó lè má dunni níbẹ̀rẹ̀, òun ló fi burú. Ìsàlẹ̀ sì ni tiyín wà: iṣan kan gba inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sí ètè. Bí irin bá kàn án, ètè lè kú tipiri, ó sì lè má jí mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí egungun yín láìkọ́kọ́ ya fọ́tò CBCT, ìyẹn X-ray tó ń fi gbogbo ìhà egungun hàn. Bí ẹ bá ń lo oògùn egungun bíi alendronate, ẹ sọ fún wọn. Ẹ má sì fi falẹ̀ jù, torí láàárín ọdún àkọ́kọ́ ni egungun ibẹ̀ máa ń súnkì jù.

Bàbá Ṣeun: Ọmọ ọdún 71 ni mí. Eyín àfibọ̀ tó ṣeé yọ ni mo lò. Lálẹ́ màá fọ̀ ọ́, màá rì í sínú ife omi. Ó máa ń mì bí ẹran bá le, n kò ní purọ́. Wọ́n fi bridge (eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń so kọ́ eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀) lọ̀ mí, mo kọ̀, torí wọ́n ní àwọn á ha eyín méjì tó gbè é láàárín, eyín tó dá ṣáká!

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, Olúwa á bù kún yín. Nọ́ọ̀sì, ó ń mu sìgá o, páálí kan lóòjọ́. Mo ti ní kí ọmọ mi mú sùúrù pẹ̀lú owó náà. Lọ́jọ́ Ajé màá lọ ṣe HbA1c. Ṣé n kò gbọ́dọ̀ jẹun kí n tó lọ?

Nọ́ọ̀sì eyín: Rárá, Màmá, kò ní kí ẹ gbààwẹ̀. Ẹ jẹun, ẹ lo oògùn yín, kí ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ iye tó bá jẹ́.