Mo ti rí ìdílé ọkọ mi o

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Mo béèrè níjelòó bí mo ṣe lè tọpa àwọn baba ńlá ọkọ mi, ará Jámánì tó tẹ̀dó sí Pennsylvania kí Amẹ́ríkà tó gbòmìnira. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun tó ja ogun òmìnira Amẹ́ríkà ló tú u. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1832, kí àgbà ọmọ ogun tó lè gba owó náà, á búra nílé ẹjọ́, á sọ ibi tí wọ́n bí i sí àti ọ̀gá tó sìn lábẹ́ rẹ̀. Òfin ọdún 1836 wá gba àwọn opó wọn láàyè láti béèrè owó náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fi ẹ̀rí ìgbéyàwó hàn. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣúra wà! Opó baba ńlá ọkọ mi ya ojú ewé kan nínú Bíbélì ilé, ó fi ránṣẹ́ síjọba. Orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lédè Jámánì. Ẹ ṣeun gidigidi. Mo pa ìbéèrè yìí dé.